Áàpù ní òun fi 40% gbé máàkì ọmọ sókè: báwo la ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n kọ́ nǹkan kan?

Ìyá Ilé-Ìwé Ṣómólú

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin tíṣà àti ẹ̀yin òbí. Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ni mò ń bójú tó ní Ṣómólú níbí. Ọmọkùnrin kan gbé tábúlẹ́ẹ̀tì wá bá mi, ó ní kí n ra áàpù ìṣirò àti ìwé kíkà fún pírámárì 3 dé 5. ₦8,000 ni lórí ọmọ kan ní sáà kan, owó tábúlẹ́ẹ̀tì lọ́tọ̀. Ó ṣí àwòrán kan fún mi, ọ̀pá aláwọ̀ ewé ga ju ọ̀pá pupa lọ, wọ́n kọ 40% gàdàgbà sí i lórí. Ó ní bí máàkì àwọn ọmọ tó ń lò ó ṣe ga sí i láàárín sáà kan nìyẹn. Mo bi í pé ta ló dán wọn wò. Ó ní áàpù náà ni. Mo tún bi í pé àwọn wo ni wọ́n fi wọ́n wé. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, àwọn fúnra wọn náà ni."

Àwọn òbí ò jẹ́ kí n sinmi. Ilé-ìwé tó kọjú sí tiwa ti kọ ọ́ sára ògiri pé kọ̀ǹpútà ni àwọn fi ń kọ́ ọmọ. Mi ò bá ẹ̀rọ ṣọ̀tá o. Ohun tí mo fẹ́ mọ̀ ni pé bí mo bá gba owó yìí lọ́wọ́ òbí, kí ni màá wò ní ìparí sáà tí màá fi mọ̀ pé ọmọ mọ̀wé sí i, tí kì í ṣe pé ìka rẹ̀ kàn yá sí i lórí gíláàsì?

Kódù Yábàá

Ẹ kú iṣẹ́ mà. Iṣẹ́ tèmi nìyí ní Yábàá, ti girama ni àwa ń ṣe, ẹni tó wá bá yín kì í ṣe ará wa. Ohun tí àwa máa ń kà ni iye ọmọ tó wọlé lójúmọ́, ìṣẹ́jú tí wọ́n lò, iye ìbéèrè tí wọ́n dáhùn àti iye tí wọ́n gbà. Bí ọmọ bá ń padà wá lójoojúmọ́, ó ń rí nǹkan kọ́ níbẹ̀. Ta ni yóò fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó ti ohun tí kò yé e?

Òǹkà Àkọkà

> Ta ni yóò fi ogójì ìṣẹ́jú jókòó ti ohun tí kò yé e?

Gbogbo wa ni, àbúrò. Ẹ wo iye wákàtí tí àwa àgbà ń jókòó ti TikTok.

Ohun tí ẹ ń kà yẹn dára fún ẹni tó fẹ́ mọ̀ bóyá ọjà òun ń tà. Kò sọ nǹkan kan nípa ohun tó wà lórí ọmọ nígbà tó bá gbé tábúlẹ́ẹ̀tì sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ wá. Ní Tọ́kì, àwọn olùwádìí fún àwọn ọmọ girama tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún ní GPT-4, ẹ̀rọ ọlọ́gbọ́n àtọwọ́dá irú èyí tó wà nídìí ChatGPT, láti fi dánra wò nínú ìṣirò. Ẹ̀dà rẹ̀ kan ń dáhùn ohunkóhun tí ọmọ bá bi í. Nígbà ìdánrawò, máàkì àwọn tó lo ẹ̀dà yìí fi 48% ju ti àwọn tí kò ní ẹ̀rọ lọ. Nígbà tí wọ́n gba ẹ̀rọ kúrò lọ́wọ́ wọn, tí gbogbo wọn jọ ṣe ìdánwò, àwọn kan náà yìí fi 17% rẹlẹ̀ sí àwọn tí kò fọwọ́ kàn án rí. Ẹ̀dà kejì wà, tí wọ́n kìlọ̀ fún pé kó má sọ ìdáhùn, kó kàn máa tọ́ ọmọ sọ́nà. Àwọn tó lo ìyẹn fi 127% ga nígbà ìdánrawò, ṣùgbọ́n ní ìdánwò gan-an, àwọn àti àwọn tí kò ní ẹ̀rọ jọ wà lójú kan náà ni.

Ó dára. Bó bá jẹ́ ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ló ń ya àwòrán, èwo nínú nọ́ńbà wọ̀nyí ni yóò fi sórí ọ̀pá aláwọ̀ ewé?

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó

127 ni kẹ̀! 😂

Ẹ gbọ́ tèmi. Àkànní mi ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ní irawọ̀ mẹ́ta-mẹ́ta nínú áàpù kan báyìí, orin á máa dún, bàlúù á máa fò lójú fóònù. Mo mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Ìdúmọ̀tà nígbà ọlidé. Oníbàárà ra ọjà ₦1,350, ó fún un ní ₦2,000. Ó ń wo ojú mi. Nígbà tó yá ló bi mí pé, "Mọ́mì, àwọn ìdáhùn tí wọ́n fẹ́ ká mú nínú wọn dà?" Mẹ́rin ni áàpù rẹ̀ máa ń kọ sílẹ̀ fún un, a mọ̀-ọ́n-mú ni òun.

Tíṣà Agége

Ìyá Ìbejì ti sọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ sọ. Ìdajì tó kù: ilé-ìwé ìjọba ni mo wà, mo sì ti wà lẹ́nu rẹ̀ pẹ́. Bí ẹ bá dán ọmọ pírámárì 4 wò ní oṣù Kẹsàn-án, tí ẹ tún dán an wò ní oṣù Kejìlá, máàkì rẹ̀ yóò ga sí i bí ẹ ò tilẹ̀ fún un ní bíi biro. Kíláàsì ló wà, léṣìn ló ń lọ, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ́ ọ nílé, òun alára sì ń dàgbà. Bó bá tún jẹ́ ìbéèrè kan náà ni ẹ bi í lẹ́ẹ̀mejì, ó ti há àwọn kan sórí. Áàpù wá kó gbogbo rẹ̀, ó ní iṣẹ́ ọwọ́ òun ni.

Èyí tó tún burú jù ni kí wọ́n lọ ṣa àwọn tó gba máàkì tó kéré jù lọ́jọ́ kan pé àwọn ni kó lo ẹ̀rọ. Nínú àwọn yẹn, ẹlòmíràn ní ibà lọ́jọ́ náà, ẹlòmíràn ò jẹun kó tó dé. Bí ẹ bá tún wọn dán wò lọ́jọ́ mìíràn, púpọ̀ nínú wọn á ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ láìsí ẹ̀rọ kankan.

Ẹ má sì pa oríṣi kan pọ̀ mọ́ èkejì. Láti 2020 tí ètò EKOEXCEL ti dé ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọba Èkó, ọwọ́ tíṣà ni tábúlẹ́ẹ̀tì wà, inú rẹ̀ ni ètò ẹ̀kọ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan wà. Ìbéèrè ibẹ̀ ni bóyá tíṣà ń kọ́ni dáadáa sí i. Tiyín, mà, ọwọ́ ọmọ ni yóò wà. Àbájáde ọ̀kan kò lè jẹ́rìí fún èkejì.

Alàgbà Ẹ̀bútè-Mẹ́ta

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìjíròrò. Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló ń wọn ẹ̀kọ́. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ mú kíláàsì kan ní ilé-ìwé St. Stephen's ní Ilé-Ifẹ̀, wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ ní gbogbo ẹ̀kọ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, Gẹ̀ẹ́sì sì jẹ́ ẹ̀kọ́ kan láàyè ara rẹ̀. Wọ́n ní kíláàsì mìíràn tí wọ́n fi í wé, èyí tó yí sí Gẹ̀ẹ́sì lẹ́yìn ọdún kẹta bí gbogbo ilé-ìwé ṣe ń ṣe. Àwọn tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn, kódà nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti búra pé wọn ò ní mọ Gẹ̀ẹ́sì. Bí kò bá sí kíláàsì kejì yẹn, a ò bá ṣì máa fẹnu jiyàn títí di òní ni.

Nígbà tí wọ́n gbé Ọpọ́n Ìmọ̀ jáde ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ní 2013, tábúlẹ́ẹ̀tì fún àwọn ọmọ girama àgbà, ìwé àti ìbéèrè ìdánwò àtẹ̀yìnwá nínú rẹ̀, 150,000 ni wọ́n ní lọ́kàn láti pín. Ohun tó dùn mọ́ mi ni. Ṣùgbọ́n ohun tí gbogbo ènìyàn ń bi ara wọn nígbà náà ni èló ni, mélòó ni wọ́n ti pín, ta ló gba iṣẹ́ náà. Èmi ń retí ẹni tí yóò béèrè pé ilé-ìwé wo la máa fi sílẹ̀ ní ọdún kan ká fi wò ó.

Òǹkà Àkọkà

Bàbá, ẹ kú ìrántí. Ohun tí ẹ sọ gẹ́lẹ́ ni Peru ṣe. Wọ́n pín kọ̀ǹpútà alágbèéká fún àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìgbèríko, wọ́n sì ṣẹ́ kèké láti mọ ilé-ìwé tí yóò kọ́kọ́ gbà. Ilé-ìwé 319 ló wà nínú ìwádìí náà. Níbi tí wọ́n ti gbà á, kọ̀ǹpútà ju iye ọmọ lọ díẹ̀. Níbi tí wọn ò tí ì gbà á, bíi ọmọ mẹ́jọ ló ń pín ọ̀kan. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n dán gbogbo wọn wò. Kò sí ìyàtọ̀ nínú ìṣirò, kò sí nínú èdè.

Aláròyé Múṣin

Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ bá mi ra ṣọ́ọ̀kì.

Òǹkà Àkọkà

Kò tíì parí o, Aláròyé. Ẹ dúró ná, torí ibi tó ti dùn la dé yìí.

Ní Delhi ní Íńdíà, ní 2015, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín ọmọ 619, àwọn kan lọ sí ibùdó tí wọ́n ti ń lo sọ́fítíwíà kan tó ń jẹ́ Mindspark lẹ́yìn ilé-ìwé. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin àbọ̀, àwọn tí kèké mú fi 0.37 ga nínú ìṣirò, 0.23 nínú èdè Hindi. Ìwọ̀n yìí ni wọ́n ń pè ní standard deviation. Ìdánwò kan le, òmíràn rọ̀, torí náà wọn kì í ka máàkì lásán. Wọ́n ń wo bí máàkì àwọn ọmọ ṣe tàn kálẹ̀ tó láàárín ara wọn, wọ́n á sì fi ìyẹn ṣe òdiwọ̀n. Bí ọgọ́rùn-ún ọmọ bá tò, tí ọmọ yín wà láàárín gbùngbùn, 0.37 yóò mú un ré kọjá bíi ọmọ mẹ́rìnlá sí i. Kì í ṣe nǹkan kékeré láàárín oṣù mẹ́rin àbọ̀.

Kí ló yàtọ̀ sí Peru? Sọ́fítíwíà Delhi kọ́kọ́ wá ibi tí ọmọ dúró sí gan-an. Àwọn ọmọ kíláàsì kẹfà ibẹ̀ fi bíi kíláàsì méjì àbọ̀ wà lẹ́yìn ìwé tí wọ́n gbé síwájú wọn. Ibẹ̀ ló ti bá wọn sọ̀rọ̀, kì í ṣe láti ojú ìwé tí ìjọba ní kí wọ́n dé.

Ohun méjì tí mo fẹ́ kí ẹ rántí nínú rẹ̀ nìyí. Ìkíní, àádọ́rùn-ún ìṣẹ́jú ni ọmọ ń lò níbẹ̀, ìdajì lórí kọ̀ǹpútà, ìdajì pẹ̀lú olùrànlọ́wọ́ tíṣà nínú ẹgbẹ́ kékeré. Ta ló ṣiṣẹ́? Ẹ̀rọ ni, àbí àfikún àkókò, àbí ènìyàn tó jókòó tì wọ́n? Ìwádìí yẹn wọn gbogbo rẹ̀ pọ̀ ni. Ìkejì, nígbà tí wọ́n wo ìdánwò ilé-ìwé, tó jẹ́ kìkì ohun tí kíláàsì yẹn yẹ kó mọ̀, ìtẹ̀síwájú ìṣirò àwọn tó rẹ̀yìn jù kò hàn níbẹ̀. Ọmọ tó kúrò ní ìpele pírámárì 1 bọ́ sí 2 ti ṣe bẹbẹ, ṣùgbọ́n bí ìbéèrè pírámárì 5 nìkan lẹ bi í, òdo ló gbà tẹ́lẹ̀, òdo náà ni yóò tún gbà.

Tíṣà Agége

Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn, ẹ jọ̀ọ́, kí gbogbo hẹdimáásítà gbé e kọ́ sí ọ́fíìsì. Mo ní ọmọ tó mọ lẹ́tà nìkan nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó ń ka ọ̀rọ̀ báyìí. Nínú ìwé èsì, "Poor" ló ṣì wà.

Kódù Yábàá

Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa rò ó o. Ta ló ní owó ìwádìí onílé-ìwé 319? Ilé-iṣẹ́ wa ò ju ènìyàn mẹ́fà lọ, owó dísẹ̀lì ń dá wa lágara. Kí n tó ṣẹ́ kèké tán, ẹni tó ń ta àwòrán bàlúù ti kó gbogbo ilé-ìwé Sùúrùlérè lọ.

Òǹkà Àkọkà

Ẹjọ́ yín nìkan kọ́. Ìròyìn UNESCO ti 2023 lórí ẹ̀rọ nínú ẹ̀kọ́ sọ pé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, 7% péré nínú àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ẹ̀rọ ẹ̀kọ́ ló ti ṣe ìwádìí oníkèké. Ní ìpínlẹ̀ 17 ní Amẹ́ríkà, 11% nínú àwọn tíṣà àti alákòóso ló béèrè ẹ̀rí tí àwọn onímọ̀ ti yẹ̀ wò kí wọ́n tó gbà á wọlé. Bí olùrà ò bá béèrè, kí ni olùtà yóò ṣe wàhálà fún? Ìdí nìyí tí ìbéèrè ìyá yìí fi dùn mọ́ mi. Òun ló di owó mú.

Aláròyé, kí ẹ má bàa ra ṣọ́ọ̀kì nìkan: ní Botswana ní 2020, nígbà tí Kòrónà ti ilé-ìwé, wọ́n ṣẹ́ kèké láàárín ìdílé bíi 4,500. Àwọn kan gba àtẹ̀jíṣẹ́ ìṣirò lórí fóònù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn kan gba àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú ìpè láti ọ̀dọ̀ tíṣà. Àtẹ̀jíṣẹ́ nìkan kò mú nǹkan kan wá. Àtẹ̀jíṣẹ́ pẹ̀lú ìpè gbé wọn sókè ní 0.12. Fóònù kékeré lásán ni o, kò ní íntánẹ́ẹ̀tì nínú.

Aláròyé Múṣin

Ó dáa, mo ti dá owó ṣọ́ọ̀kì padà.

Ìyá Ilé-Ìwé Ṣómólú

Mo ti ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ wá gbà mí nímọ̀ràn. Pírámárì 4 mi pín sí méjì, 4A àti 4B, ọmọ 25 ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ṣé kí n fún 4A ní áàpù, kí n fi 4B sílẹ̀?

Tíṣà Agége

Ta ni tíṣà 4A?

Ìyá Ilé-Ìwé Ṣómólú

Hmm. Òun ló dára jù nínú ilé-ìwé.

Òǹkà Àkọkà

Ó ti bàjẹ́ nìyẹn mà. Bí 4A bá borí, ẹ ò ní mọ̀ bóyá tíṣà ni àbí áàpù. Ẹ da àwọn ọmọ àádọ́ta náà pọ̀. Ẹ dán wọn wò ṣáájú, ẹ tò wọ́n láti orí ẹni tó mọ̀ jù dé ẹni tó rẹ̀yìn jù, ẹ mú wọn ní méjì-méjì bí wọ́n ṣe tò, kí ẹ sì ṣẹ́ kèké láàárín àwọn méjì náà lójú gbogbo ènìyàn. Lẹ́yìn tí ilé-ìwé bá jáde, ìdajì lọ sọ́dọ̀ áàpù, ìdajì kejì gba léṣìn oníṣọ́ọ̀kì fún ìṣẹ́jú kan náà. Má fi áàpù wé kí ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù kiri, torí ohun tí owó òbí lè rà mìíràn ni léṣìn.

Ṣùgbọ́n kí n sọ ibi tí bàtà ti ń ta wá lẹ́sẹ̀. Ọmọ 25 lápá kọ̀ọ̀kan kéré. Bí ìyàtọ̀ tí áàpù mú wá kò bá tó nǹkan bí 0.8, ó ṣeé ṣe dáadáa kí ó sá mọ́ yín lójú, kí ẹ rò pé kò sí. 0.37 ti Delhi, tí gbogbo ayé ń yìn, ilé-ìwé yín nìkan kò lè rí i! Bí ẹ bá lo máàkì ìdánwò àkọ́kọ́ nínú ìṣirò yín, ojú yín á là sí i díẹ̀, síbẹ̀ kò ní tó. Bí ilé-ìwé mẹ́rin bá para pọ̀, tó jẹ́ ọgọ́rùn-ún lápá kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú ìdánwò àkọ́kọ́ tó dára, ó ti lè rí nǹkan tó kéré sí 0.37.

Kódù Yábàá

Ìyẹn ni pé nígbà tí ilé-ìwé kan bá ní "a gbìyànjú rẹ̀, kò ṣiṣẹ́", bóyá ó ṣiṣẹ́?

Òǹkà Àkọkà

Bẹ́ẹ̀ ni. Èyí tó ní ó ṣiṣẹ́ náà, bóyá kò ṣiṣẹ́. Ẹ wá rí ìdí tí ẹ̀rí "ilé-ìwé kan ní Lẹ́kí" kò fi jẹ́ ẹ̀rí.

Ìyá Ìbejì, Ìsàlẹ̀ Èkó

Èmi ò ní ilé-ìwé, n ò sì ní ọmọ ọgọ́rùn-ún (kí Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ 😂). Kí ni èmi lè ṣe?

Tíṣà Agége

Ẹ kọ ọ̀rọ̀ sórí pépà lásán mà. Lẹ́tà mélòó kan, ọ̀rọ̀ mélòó kan, ìpínrọ̀ kúkurú kan, ìtàn kékeré kan. Ẹ jókòó tì í, kó kà á sókè. Ibi tó bá ti ń kọsẹ̀ ni ó wà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní Íńdíà nínú ìwádìí ASER nìyẹn, láti ilé dé ilé, kì í gba àkókò rárá. Ẹ tún ṣe é pẹ̀lú ọ̀rọ̀ mìíràn ní ìparí sáà. Kò ní sọ fún yín bóyá áàpù ló ṣe é, ṣùgbọ́n ẹ ò ní máa ka irawọ̀ mọ́. Ìbéèrè ṣéńjì yẹn sì dára ju ọ̀pọ̀ ìdánwò lọ, ẹ máa bi í lọ.

Alàgbà Ẹ̀bútè-Mẹ́ta

Irinṣẹ́ ìwọ̀n alára ń fẹ́ àyẹ̀wò o. Ní 2025, nígbà tí JAMB jáde pé àṣìṣe wà nínú èsì ní ibùdó 157, tí 65 nínú rẹ̀ jẹ́ ní Èkó níbí, ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 380,000 ni wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe. Ọ̀pọ̀ òbí ti na ọmọ kí ọ̀rọ̀ yẹn tó jáde. Bí ẹ bá lè fi pépà dán àwọn ọmọ Ṣómólú wò, ẹ fi pépà ṣe é.

Ìyá Ilé-Ìwé Ṣómólú

Pépà ni, Bàbá. Mo ti bá ilé-ìwé méjì sọ̀rọ̀ ní Bárígà àti Pálmgróòfù, wọ́n ní àwọn ń ronú sí i. Olùtajà náà pè mí lónìí. Mo ní kó yá mi ní tábúlẹ́ẹ̀tì fún sáà kan, ká ṣẹ́ kèké. Ó ní ọ̀gá àwọn kì í fẹ́ kèké, ṣùgbọ́n àwọn lè bá mi dán àwọn ọmọ wò fúnra wọn.

Tíṣà Agége

😂😂 Ẹ má gbà. Kí wọ́n má rí ìbéèrè yín ṣáájú pàápàá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ ẹ ó bá a nínú áàpù lọ́sẹ̀ kejì. Ẹ sì ní kó mú orúkọ gbogbo ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ nínú 40% rẹ̀ yẹn wá, kì í ṣe ti àwọn tó parí nìkan. Àwọn tí kò yé, tètè ni wọ́n ń sá.

Kódù Yábàá

Òótọ́ ni. Àwa pàápàá, àwọn tó dé ẹ̀kọ́ ìkẹwàá nìkan la ń kà. Mà, bí ó bá kọ̀, ẹ jẹ́ kí n bá ọ̀gá wa sọ̀rọ̀. A ní tábúlẹ́ẹ̀tì díẹ̀ tí kò ṣiṣẹ́ kankan, mo lè gbé ẹ̀kọ́ pírámárì sí i. Kèké ò bà mí lẹ́rù.

Òǹkà Àkọkà

Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ohun tí ẹ máa wọn, ọjọ́ tí ẹ máa wọ̀n ọ́n, àti iye tí ẹ bá rí tí ẹ ó fi ní kò tọ́ sí ₦8,000. Ẹ fi owó epo jẹnẹrétọ̀ àti tábúlẹ́ẹ̀tì tó fọ́ kún un. Ẹ tún wọn wọ́n lẹ́yìn ọlidé gígùn, torí ní Vadodara ní Íńdíà, ìṣirò orí kọ̀ǹpútà gbé ọmọ sókè dáadáa, ṣùgbọ́n púpọ̀ nínú èrè náà ti yọ́ lọ lẹ́yìn ọdún kan.

Ìyá Ilé-Ìwé Ṣómólú

Òbí àwọn tí kèké kò bá mú ńkọ́? Wọ́n á ya wọ ọ́fíìsì mi.

Òǹkà Àkọkà

Ẹ sọ fún wọn pé tiwọn di sáà tó bá tẹ̀lé ọlidé gígùn, wọn ò sì ní san ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kàn rí i pé gbogbo ìwọ̀n yín ti parí, ti ẹ̀yìn ọlidé náà, kí apá kejì tó gba ẹ̀rọ, torí lẹ́yìn ìyẹn kò sí ẹni tí a lè fi wọ́n wé mọ́.

Alàgbà Ẹ̀bútè-Mẹ́ta

Mo ti fẹ̀yìn tì, ọwọ́ mi dilẹ̀. Èmi yóò wá gbọ́ ìwé kíkà wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí ẹnikẹ́ni má sọ ọmọ tó lo áàpù fún mi o, kí wọ́n wọ aṣọ kan náà, kí wọ́n máa wọlé bí ẹ bá ṣe pè wọ́n.

Ìyá Ilé-Ìwé Ṣómólú

Ẹ ṣé púpọ̀, Bàbá. Màá gbé àga sí abẹ́ igi lẹ́yìn ọ́fíìsì, ariwo ojú títì kì í débẹ̀. Tíṣà Agége, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àwọn ọ̀rọ̀ àti ìpínrọ̀ yẹn ránṣẹ́ sí mi, oríṣi mẹ́ta, kí ti ìbẹ̀rẹ̀ má jọ ti ìparí.